Ẹ má tìtorí 0.01 tí wọ́n kọ sára páálí ra ẹ̀rọ CNC

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òkè-Àdó. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ CNC orí tábìlì (ẹ̀rọ agé-nǹkan tí kọ̀ǹpútà ń darí) tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n máa fi gé mọ́ọ̀dù ọṣẹ, kí n sì máa fi la ojú kíì (ojú tóóró tó ń di púlì mọ́ ọ̀pá rẹ̀) sínú púlì ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tó ń tà á ní kì í ṣì ju 0.01 mm lọ, pé ó sì ń gé irin dáadáa. Oníwáàtì mélòó ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fi ọ̀rọ̀ wáàtì sílẹ̀ ná. Ìwọ lẹni kẹrin tó bi mí ní irú èyí lóṣù yìí, méjì nínú wọn ti sanwó tán kí wọ́n tó bèèrè. Ó ń dùn mí, torí kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́.

0.01 yẹn gan-an ni ká tú wò. Mọ́tò tó ń ti tábìlì ẹ̀rọ, stepper là ń pè é, kì í yí bíi ti fáànù; ẹsẹ̀ ló ń gbé. Ẹsẹ̀ 200 ló ń gbé kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Dráífà, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń darí mọ́tò, lè tún pín ẹsẹ̀ kan sí 16, ó di 3,200. Bí síkúrù rẹ̀ bá ń ti tábìlì ní 8 mm ní ìyípo kan, ẹsẹ̀ kékeré kan di 0.0025 mm. Irú ìṣirò báyìí ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń kọ ohun tó wù wọ́n sára páálí. Ohun tí mọ́tò lè kà nìyẹn o, kì í ṣe ibi tí ọ̀bẹ máa gé dé.

Ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lásìkò òjò lè kà á pé ọgọ́rùn-ún géérégé, kò ní dé ibi tí ẹni tó ń rìn lórí títì ọlọ́dà máa dé. Ẹ̀rọ yìí náà, kíkà ló ń kà. Kò sí ohun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dé ibẹ̀. Férémù rẹ̀ ń tẹ̀, nọ́ọ̀tì orí síkúrù ní àlàfo (òun ni backlash), spindle (ọ̀pá tó di ọ̀bẹ mú, tó ń yí i) náà ń yẹ̀.

Gbé dial gauge (aago tó ń wọn ìsún kékeré) lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Bí tábìlì ẹ̀rọ bá jẹ́ alumíníọ̀mù, mágínẹ́ẹ̀tì ìdí gauge ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Kọ́kọ́ de irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Fi ẹnu gauge kan spindle, kó o wá fi àtàǹpàkò tì í. Bó bá sún ju 0.05 mm lọ, tí àtàǹpàkò lásán ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, kí ni irin máa ṣe? Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí tábìlì sún díẹ̀ síwájú, dá gauge sí òdo, ní kó lọ 1 mm sí i, kó padà ní 1 mm. Iye tí kò fi padà dé òdo ni backlash. Ní kó tún gé òbìríkítí 50 mm. Bí àpá bá hàn ní ojú mẹ́rin tó ti ń yí padà, má sanwó.

Irin? Rárá. Ọ̀bẹ HSS (irú irin líle tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ ẹ̀rọ) 6 mm kò yẹ kó yí ju bíi 1,000 sí 1,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan lórí irin lásán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jóná. Mọ́tò kékeré wọ̀nyí ń sáré tó 10,000. Bó o bá dín in kù, agbára tán. Ẹ̀rọ tó o lè fi ọwọ́ kan gbé kì í ṣe ẹ̀rọ irin. Ojú kíì inú púlì ò tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ CNC: broach (irin eléyín tí wọ́n ń tì gba inú ihò) ni, tàbí kí oníléètì fi ọ̀bẹ fà á.

Mọ́ọ̀dù ọṣẹ á ṣeé ṣe, lórí idẹ tàbí alumíníọ̀mù, bó o bá ń bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi 0.2 mm lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ á gbàgbé ibi tó wà, iṣẹ́ á bàjẹ́. Inverter ṣáájú ẹ̀rọ o. Wọ gíláàsì ojú, má wọ ìbọ̀wọ́ sídìí ọ̀bẹ tó ń yí.

Mi ò tíì fojú rí èyí tó o fẹ́ rà, torí náà má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan pinnu. Àmọ́ bí ẹni tó ń tà á ò bá jẹ́ kó o gbé gauge wá, tí kò sì fẹ́ ya fídíò ìdánwò náà ránṣẹ́, fi owó rẹ sápò.