Daily Times àti Tribune: èwo lẹ̀gbọ́n?

Ẹ kú iṣẹ́ àmúrelé ọmọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè èyí tó dàgbà jù nínú ìwé ìròyìn méjèèjì yìí, àti bí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ṣe yàtọ̀. Daily Times ló dàgbà jù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1926 ló kọ́kọ́ jáde l'Ékòó, Ernest Ikoli sì ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1949 ni Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀ n'Íbàdàn.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ìwé ìròyìn aládàáni tó pẹ́ jù tó ṣì ń jáde ni olùkọ́ ń wá, Tribune ni kí ọmọ kọ. Ìdí ni pé ìjọba ti gba ìdá tó pọ̀ jù nínú Daily Times ní 1975.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn, ibẹ̀ ló dùn. Nígbà tí àwọn oní-Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù ra Times ní 1947, ìròyìn rẹ̀ wá kúrú, àwòrán pọ̀ sí i. Ìyá aláta tó mọ̀wé á kà á tán kí oníbàárà tó dé. Tribune ní tirẹ̀, ohùn Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ni nígbà náà, kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Bí ẹ bá ráyè dé ilé-ìkàwé, ẹ gbé ẹ̀dà méjèèjì ọdún 1962 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àkọlé ojú ewé kìíní nìkan ti tó láti fi ìyàtọ̀ náà hàn yín.