Líìnì àti fóònù onítọ́ọ̀ṣì fún màmá nílé: ẹ jẹ́ kó wà lórúkọ wọn

Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Houston, ẹ ní màmá yín ti lé ní àádọ́rin ọdún, fóònù wọn sọnù pẹ̀lú líìnì inú rẹ̀, wọ́n sì ti lérí pé àwọn kò fẹ́ fóònù olójú gíláàsì mọ́, kékeré onítọ́ọ̀ṣì ló tẹ́ àwọn lọ́rùn. Líìnì tó sọnù yẹn, ọmọ kan tó ti kúrò nílé tipẹ́ ló gbà á lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra fóònù níbẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́, àti bóyá àbúrò yín lè tètè gba líìnì tuntun fún màmá kí wọ́n má bàa jókòó láìní fóònù. Ẹlòmíràn tún bi wá pé líìnì òun tí òun fi sílẹ̀ ní Nàìjíríà kò lọ mọ́. Màá dé ọ̀dọ̀ ìyẹn náà.

Ìbàdàn ni mo wà, iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe, àwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn wà lókè òkun sì pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nìyí: ẹ má ṣe jẹ́ kí àbúrò gba líìnì náà lórúkọ ara rẹ̀. Orúkọ màmá ni kó wà lórí rẹ̀, NIN màmá, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, ni kí wọ́n fi gbà á, bí ìyẹn bá tiẹ̀ máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ díẹ̀.

Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé gbogbo líìnì gbọ́dọ̀ so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-díjíìtì 11 tí àjọ NIMC ń fún wa. Ẹni tí NIN rẹ̀ wà lórí líìnì ni ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀ sí olówó rẹ̀. Ta ló ń fi í pè, ìyẹn kò kàn wọ́n. Bí fóònù bá sọnù lónìí, ẹni yẹn ni wọ́n máa ní kó wá fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe welcome back fún un, ìyẹn ni kí wọ́n fún un ní síìmù tuntun tó ní nọ́ńbà àtijọ́. Ohun tó sì dé bá màmá yín gan-an nìyí. Ká ní orúkọ wọn ló wà lórí líìnì tó sọnù ni, wọn ì bá ti gba nọ́ńbà wọn padà láàárín ọjọ́ kan, gbogbo ẹbí àti ọ̀rẹ́ ì bá sì máa pè wọ́n lọ lórí èyí tí wọ́n mọ̀. Lónìí àbúrò wà nílé. Bó bá di ọ̀la tí òun náà bá gba físà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ báǹkì tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì, líìnì sì ni báǹkì máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Bí orúkọ ara wọn kò bá sí lórí líìnì náà, ẹlòmíràn ló di kọ́kọ́rọ́ owó wọn mú.

Nítorí náà, ẹ bi màmá bóyá wọ́n ti ní NIN. Bí wọ́n bá ti ṣe é rí tí sílíìpù rẹ̀ sọnù, kí wọ́n tẹ *346# lórí líìnì tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n máa yọ owó díẹ̀ lórí káàdì, nọ́ńbà náà á sì jáde lójú fóònù. Nígbà tí líìnì tiwọn ti sọnù, ọ́fíìsì NIMC ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n bá wọn wá a jáde. Bí wọn kò bá ní in rárá, ọ́fíìsì NIMC náà ni, ó sábà máa ń wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Káàdì ìdìbò tàbí páásípọ́ọ̀tù tàbí nọ́ńbà BVN wọn, èyí tí báǹkì fi ń dá èèyàn mọ̀, wúlò láti mú dání. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣojú fún wọn, torí pé wọ́n máa ya àwòrán, wọ́n sì máa tẹ̀ka. Kí àbúrò bá wọn lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, pẹ̀lú àga tó ṣeé ká àti omi mímu.

Lórí ìtẹ̀ka yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Àwọn tó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ láti kékeré, tí wọ́n fi po epo, tí wọ́n fi bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n fi fọṣọ fún gbogbo agboolé, ìlà orí ìka wọn ti pa rẹ́, ara ìka náà sì máa ń gbẹ. Mo bá màmá kan lọ tí ẹ̀rọ náà kọ àtàǹpàkò wọn léraléra. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò pariwo mọ́ wọn. Ó nu ojú gíláàsì ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n fi aṣọ tó tutù nu ìka, màmá sì yọ òrí díẹ̀ nínú báàgì, wọ́n fi ra ìka wọn títí ó fi rọ̀, wọ́n wá nù ún kúrò kó má yọ̀. Wọ́n tẹ ìka náà mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, ní pẹ̀lẹ́, ẹ̀rọ sì gbà á. Ẹ sọ fún àbúrò kó mú òrí àti aṣọ ìnujú dání, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú fa ọwọ́ màmá.

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí sílíìpù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa, ọjọ́ ìbí tí wọ́n fojú bù ni wọ́n ń lò, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan wà ní báǹkì, òmíràn wà lórí káàdì ìdìbò. Irú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí líìnì àti àkáǹtì bára mu lẹ́yìn ọ̀la. Èyí tó wà ní báǹkì ni mo máa ń ní kí wọ́n bá lọ, bó bá ṣáà ti jẹ́ òtítọ́.

Bí NIN bá ti wà lọ́wọ́, kí wọ́n wá lọ gba líìnì ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi àwọn tó ń tà á lábẹ́ agboòrùn sílẹ̀. Wọ́n á tún ya àwòrán, wọ́n á tún tẹ̀ka. Bí ẹnikẹ́ni bá fi líìnì tí a ti forúkọ ẹlòmíràn sí lọ àbúrò yín, kó sá fún un. Òfin kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, olówó orúkọ náà sì lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ líìnì òun. Nígbà tí líìnì bá ti ń lọ, kí wọ́n tẹ *996# kí wọ́n rí i pé ó ti so mọ́ NIN lóòótọ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ni kí ẹ mú? Èyí tó bá ń lọ dáadáa nínú yàrá tí màmá ń sùn ni. Kí àbúrò ya fóònù aládùúgbò méjì mẹ́ta, kó wọ inú yàrá náà lọ, kó pe èèyàn láti ibẹ̀. Ìpolówó kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Ẹ má ṣe ra fóònù náà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ fóònù kékeré tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú níbẹ̀ ni wọ́n ti lọ́ọ̀kì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síra: 850 àti 1900 MHz ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò fún GSM láyé àtijọ́, 900 àti 1800 ni tiwa, AT&T tiẹ̀ ti pa 2G tirẹ̀, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, bẹ́ẹ̀ 2G ni fóònù onítọ́ọ̀ṣì nílé ń gùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jámánì tàbí London, tiyín á lọ bí wọn kò bá lọ́ọ̀kì í, ṣùgbọ́n níbo ni màmá ti máa rí bátìrì rẹ̀ rà bó bá kú? Ẹ fi owó ránṣẹ́, kí àbúrò ra Itel, Tecno tàbí Nokia ní ìtòsí, ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ojúlé, bíi ti Queen Cinema ní Ìbàdàn tàbí Computer Village ní Ìkẹjà. Kó yan èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, tí ohùn rẹ̀ ròkè, tó ní rédíò, tí bátìrì rẹ̀ sì ṣeé yọ. Kó tẹ *#06# níbẹ̀, kó fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tó bá jáde wé èyí tó wà lára páálí. Síìmù ńlá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù wọ̀nyí ń gbà, nítorí náà kó má ṣe ṣẹ́ síìmù tuntun náà dé ibi tó kéré jù. Bó bá ti ṣẹ́ ẹ, kó fi í padà sínú férémù rẹ̀ kó tó kì í bọ inú fóònù.

Ike tí wọ́n yọ síìmù kúrò lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dà á nù! PUK wà lára rẹ̀, díjíìtì 8. Bí wọ́n bá fi PIN, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí, sí síìmù tí wọ́n ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, PUK yìí nìkan ló lè ṣí i, bí wọ́n bá sì ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù náà kú nìyẹn. Kí àbúrò ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Èmi fara mọ́ kí PIN wà lórí síìmù bí màmá bá ń fi líìnì náà ṣe báǹkì, torí àwọn olè tó ń gba fóònù lónìí, síìmù ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ sínú fóònù tiwọn. Ìgbà tí wọ́n bá pa fóònù tí wọ́n tún un tàn nìkan ló máa ń béèrè PIN, kò ní ni màmá lára.

Kí ẹ̀yin fúnra yín jókòó ti àbúrò lórí ẹ̀rọ nígbà tó bá ń to inú fóònù náà. Kó fi +1 ṣáájú nọ́ńbà yín tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù kékeré, ẹ óò tẹ bọ́tìnnì ìràwọ̀ ní kíákíá lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí ẹ di 0 mọ́lẹ̀ kí àmì náà tó jáde. Bó bá kọ̀, 009 ni kí ó fi ṣáájú 1 dípò àmì + náà, òun ni a fi ń pe òkè òkun láti Nàìjíríà. Kó so nọ́ńbà yín mọ́ bọ́tìnnì 2, ti àbúrò mọ́ 3, kí màmá kàn máa dì í mọ́lẹ̀. Kó wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, STOP, ránṣẹ́ sí 2442, kí àwọn ìpolówó àti orin tí wọ́n ń fipá tà má bàa máa jẹ káàdì wọn. Kó kọ 310 sára ògiri fún wọn pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, torí *310# ni wọ́n á fi máa wo iye káàdì tó kù. Láti 2023 ni nọ́ńbà yìí ti di ọ̀kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gẹ́gẹ́ bí 300 fún ìrànlọ́wọ́ àti 311 fún fífi káàdì sórí líìnì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi káàdì kékeré kékeré ránṣẹ́ lóòrèkóòrè, ó sàn ju ńlá kan lọ́dún. Láti oṣù Kẹfà 2025, orí káàdì ni wọ́n ti ń yọ owó tí a bá fi nọ́ńbà oníràwọ̀ ṣe báǹkì, náírà 6.98 fún ìṣẹ́jú méjì méjì. Owó lè kún àkáǹtì màmá báyìí, kí wọ́n má sì lè fọwọ́ kàn án torí pé káàdì ti tán. Ẹ sì sọ fún wọn títí yóò fi yé wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá pè tó ní báǹkì ni òun, tó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun, kí wọ́n pa á mọ́ ọn létí.

Ẹ̀yin tí líìnì yín kò lọ mọ́: bí líìnì kò bá pe èèyàn, tí kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, tí kò lo dátà fún ọjọ́ 180, ilé-iṣẹ́ náà lè pa á. Bó bá tún pé ọjọ́ 180 míì, wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà. Bí ọjọ́ 180 kejì yẹn kò bá tíì pé, ẹ tètè kàn sí wọn. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ẹ mú NIN yín dání lọ bá wọn fún welcome back. Bí ẹ kò bá sì ní NIN, NIMC ní àwọn ibi ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní òkè òkun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àjò, kó ṣí roaming, ìyẹn kí líìnì lè máa ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, kó tó kúrò nílé, kó sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe nọ́ńbà yín tí àjèjì gbé e, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí lónìí, kí wọ́n yọ nọ́ńbà náà kúrò lórí àkáǹtì àti BVN yín, torí àtẹ̀jíṣẹ́ owó yín ti ń wọ fóònù ẹlòmíràn.

Bí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dá màmá tàbí àbúrò lóhùn lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹjọ́ sùn, kí wọ́n pe 622, NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ni ín, ọ̀fẹ́ sì ni láti Nàìjíríà. Kí wọ́n bèèrè nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n tó pè, òun ni NCC máa kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹ kọ ìlú tí màmá wà síbí, kí àwọn tó wà ní ìtòsí sọ ọ́fíìsì NIMC tí èrò kò pọ̀ sí fún yín.