Ta ni kí ẹni tí etí rẹ̀ ń hó lọ rí?

Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kí ẹ kọ́kọ́ rí; ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn àti LUTH Èkó ní ẹ̀ka yìí. Yóò wò ó bóyá ìdọ̀tí etí, àrùn tàbí oògùn bíi kuníìnì ló fà á. Onímọ̀ àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ló tẹ̀ lé e: bí ẹ kò bá gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè mú ariwo náà rọlẹ̀.

Bí ariwo náà kò bá jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ wá onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ń ṣe ìtọ́jú CBT, ìyẹn ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ń yí èrò àti ìṣe ẹni padà. Kì í pa ariwo náà. Ìdààmú rẹ̀ ló ń dín kù.

Àmọ́ bí etí bá ṣàdédé di tí kò gbọ́ràn mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.