Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ilé Kẹta Nínú Eré Catan

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin ni a máa ń ta Catan nínú ilé wa, eré orí pátákó tí a ti ń kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ilẹ̀ tí ó ní nọ́ńbà: bí àròpọ̀ dáìsì méjì bá jẹ́ nọ́ńbà ilẹ̀ kan, ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà á gba káàdì ohun tí ó ń mú wá. Nítorí pé wọ́n ní 6 àti 8 ni ó ń mú nǹkan wá jù, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń fi ilé méjì àkọ́kọ́ sí, kódà bí ó bá jẹ́ etí omi, tí n kò sì ní ju òkè òkúta irin àti pápá àgùntàn lọ. Káàdì a kún ọwọ́ mi, síbẹ̀ àwọn yòókù á ti kọ́ ilé kẹta kí n tó rí ọ̀nà kan là. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé yín

ÌDÁHÙN: Òdodo ni wọ́n sọ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Bí a bá da dáìsì méjì, ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà balẹ̀. 5 nínú rẹ̀ ni ti 6, 5 sì ni ti 8. Ẹni tí ó gbójú lé méjèèjì nìkan ní ọ̀nà 10 péré, nígbà tí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4, 5, 9 àti 10 ní 14.

Èyí tí ó wúwo jù lójú tèmi ni irú ilẹ̀ tí ẹ ń yàn. Igi àti bíríkì ni a fi ń la ọ̀nà. Igi, bíríkì, irun àgùntàn àti ọkà ni a fi ń kọ́ ilé. Ẹni tí kò ní igi àti bíríkì kò lè kúrò lójú kan, bí ó ti wù kí òkúta irin rẹ̀ pọ̀ tó. Nínú ilẹ̀ 19 orí pátákó, 3 péré ni ó ń mú bíríkì wá, nítorí náà ẹ tètè mú ọ̀kan. Bí ó bá sì jẹ́ òkúta irin ni ọkàn yín fẹ́, ẹ wá ilẹ̀ ọkà tì í, torí òkúta irin 3 àti ọkà 2 ni ó ń sọ ilé di ìlú.

Ẹ má ṣe di káàdì mọ́wọ́. Kò sí nọ́ńbà tí ó ń jáde tó 7. Bí ó bá sì jáde nígbà tí káàdì yín ju 7 lọ, ìdajì rẹ̀ lọ nìyẹn. Báńkì yóò gba káàdì 4 tí ó jọra kí ó tó fún yín ní 1, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kàn yín, ẹ wo ẹni tí ó ti la ọ̀nà tán tí kò ní àgùntàn: yóò fi tayọ̀tayọ̀ fún yín ní bíríkì dípò irun àgùntàn yín.