Kérésì nílé ọkọ ńkọ́, ta ló wà lọ́dọ̀ mọ́mì mi?

Lẹ́tà yìí wá láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan tó ń gbé ní Bàrígà, Ìyá Ìbejì ló ní ká máa pe òun. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ káàsán Àǹtí. Ọdún keje rèé tí mo délé ọkọ, agboolé wọn ní Lafiaji la ti máa ń ṣe Kérésì. Láti ọjọ́ 24 la ti máa ń lọ, àwa ìyàwó ilé la máa pa adìyẹ, àwa la máa dáná, àwọn ọmọ ilé á jókòó sí pálọ̀ wọ́n á máa ya fọ́tò. Dádì mi kú lọ́dún tó ṣáájú èṣí, mọ́mì mi nìkan ló kù sílé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, èmi nìkan sì lọmọ wọn tó wà l'Ékòó. Kérésì tó kọjá, aládùúgbò wọn ló sọ fún mi pé búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n jẹ, wọ́n ní kí làwọn fẹ́ máa dáná fún ẹnì kan ṣoṣo fún. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀ nílé àwọn. Mo wá ń rò ó pé kí n sọ pé ara mi ò yá, kí n lọ bá mọ́mì mi. Àǹtí, ṣé ó burú?"

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, mo kí ẹ o. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì àti tíì yẹn wọ̀ mí lára gan-an, mo gbé lẹ́tà ẹ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí n tó lè kà á parí.

Ó burú. Má purọ́ àìsàn. Tó o bá ní ara ẹ ò yá lọ́jọ́ Kérésì, ṣé o rò pé wọ́n á kàn fi ẹ́ sílẹ̀ ni? Àbúrò ọkọ ẹ kan á gbé oúnjẹ wá sí Bàrígà, á bá ilẹ̀kùn ní títì, aládùúgbò á ní ìwọ àtàwọn ìbejì ti jáde láti àárọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó máa rántí pé opó kan ń dá jókòó ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ìyàwó tó purọ́ kó má baà dáná ni wọ́n á máa sọ kiri. Ká tiẹ̀ ní ó bọ́ sí i lọ́dún yìí, ṣé àìsàn yẹn á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀ ni?

Nǹkan kan wà nínú lẹ́tà ẹ tó jọ pé ìwọ fúnra ẹ ò kíyè sí. Àwọn ọmọ ilé tó ń jókòó sí pálọ̀ yẹn, àwọn àǹtí ọkọ ẹ, ṣé wọn ò lọ́kọ ni? Ìyàwó ilé ẹlòmíì làwọn náà. Ọkọ wọn ló gbà kí wọ́n wá ṣọdún lọ́dọ̀ ìyá tó bí wọn, ìyá ọkọ wọn náà sì fọwọ́ sí i tàbí kó mójú kúrò. Ohun tí ìwọ ń fẹ́ yìí ni wọ́n ń jẹ gbádùn lọ́dọọdún, kì í ṣe àṣà àjèjì nílé yẹn, ìwọ ló kàn jẹ́ pé kò tíì kàn. Àmọ́ jọ̀ọ́, má sọ ọ́ sí wọn lójú o, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá ti ẹnu ìyàwó jáde, ìjà ni. Ẹnu ọkọ ẹ ló ti yẹ kó jáde.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọkọ ẹ. Ronú sí bó o ṣe gbé e kalẹ̀ fún un, ṣé mọ́mì lo kọ́kọ́ dárúkọ ni àbí adìyẹ? Torí nínú lẹ́tà ẹ, adìyẹ ló ṣáájú. Mi ò bá ẹ wí, iṣẹ́ yẹn pọ̀, ẹni tó bá ti gé ata rodo fún ìkòkò ìrẹsì ńlá rí mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń ta di ọjọ́ kejì, tó bá ṣèèṣì fọwọ́ kan ojú ọmọ báyìí, igbe ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tó o bá pa wọ́n pọ̀, ohun tí ọkọ ẹ á gbọ́ ò ju pé iṣẹ́ ilé àwọn ti sú ẹ lọ. Fi ti ìdáná sílẹ̀ lọ́dún yìí. Sọ ti mọ́mì nìkan. Sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ara tù ú, kì í ṣe nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland. Rán an létí pé lọ́jọ́ ìdána ó dọ̀bálẹ̀ fún mọ́mì yìí, wọ́n sì gbàdúrà fún un bí ọmọ. Ṣé inú ẹ̀ dùn kí ìyá yẹn máa jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ ọdún?

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń jíròrò ẹ̀, ẹ wo ojú ọ̀nà náà. Láti Bàrígà, ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lẹ máa ń gbà kọjá tẹ́ ẹ bá ti gun Third Mainland, tẹ́ ẹ bá sì gba Carter Bridge bọ̀, Iddo, Oyingbo, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ mọ́mì nìyẹn. Torí náà ohun tí èmi máa fẹ́ rèé: kí ẹ sun ọ̀dọ̀ mọ́mì lálẹ́ ọjọ́ 24, kí ẹ bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Kérésì, kí ẹ jọ jẹun, tó bá di ọ̀sán kí ẹ kọjá sí Lafiaji. Ọ̀nà máa ń dá lọ́jọ́ yẹn, ọjà Balógun àti Ìdúmọ̀tà ti pa, kò ní gbà yín lásìkò. Àwọn kan á ní kó o kúkú gbé mọ́mì dání lọ sí Lafiaji. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìyá ìyàwó kì í fara balẹ̀ nílé àna, wọ́n á jókòó sí igun kan, wọ́n á máa wo ọmọ wọn tó ń fọ ìkòkò.

Wàyí o, tó ò bá ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ 24, iṣẹ́ tìẹ ńkọ́? Lọ bá ìyálé yín, ìyẹn ìyàwó tó ti wà ńbẹ̀ ṣáájú gbogbo yín, má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, torí òun ló ń pín iṣẹ́ àti pé òun náà ní ìyá tàbí ó ní in rí. Ní kó fún ẹ ní ìpín tó o lè ṣe sílé. Bó bá jẹ́ adìyẹ ni, bọ̀ ọ́, dín in ní Bàrígà lọ́jọ́ 23, fi kúlà gbé e ránṣẹ́. Ká máa dá owó jọ pe alásè, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ lo máa dá a lábàá lórí WhatsApp ìdílé lọ́dún yìí.

Má fojú ọ̀tá wo ìyá ọkọ ẹ o. Kò síbi tó o ti sọ pé wọ́n ṣe ẹ níkà, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò mọ̀ rárá pé àna àwọn ń dá jókòó. Kí ìwọ àti ọkọ ẹ lọ kí wọn lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù Nofẹ́ńbà, kó má jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ ọdún gan-an ni. Kí ọkọ ẹ sọ̀rọ̀, kí ìwọ kúnlẹ̀. Tó bá jẹ́ èèyàn bí àwọn ìyá tí mo mọ̀ n'Ísàlẹ̀ Èkó, ojú àna á tì wọ́n, wọ́n tún lè di oúnjẹ fún yín lọ.

Bí ọkọ ẹ bá kọ̀ jálẹ̀, bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu sọ̀rọ̀, má ṣe é bí ẹjọ́, gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn ni. Tó bá tún wá jẹ́ pé ọjọ́ 26 nìkan ló yọ̀ǹda, gbà á, hólìdé ṣì ni, kó o wà lọ́dọ̀ mọ́mì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ká tún máa sọ ti ọjọ́ 25 lọ́dún tó ń bọ̀.

Pe mọ́mì ẹ lónìí. Má tíì ṣèlérí nǹkan kan fún wọn kí ọkọ ẹ tó fọwọ́ sí i, torí kò sóhun tó máa dùn wọ́n tó kí wọ́n se ìkòkò oúnjẹ kí ẹ má wá.