Kó o tó fi Law sínú fọ́ọ̀mù JAMB

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ, pé láàárín Law àti Mass Comm (ẹ̀kọ́ ìròyìn), èwo ni kó o mú. Èyí ó wù kó jẹ́, kọ́kọ́ lọ wádìí bóyá ẹ̀ka tó o fẹ́ wọ̀ gan-an ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀ka ni mo wí o, torí yunifásítì lè lórúkọ kí ẹ̀ka rẹ̀ má pé.

Law ni èmi kà, ọdún márùn-ún gbáko. NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ti fọwọ́ sí i, àwọn òbí mi rò pé ó tán síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò, ló ń dá kótà fún fákọ́tì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye ọmọ tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ lọ́dún sí Law School, ilé ẹ̀kọ́ téèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá lẹ́yìn yunifásítì kó tó di agbẹjọ́rò. Àwọn aláṣẹ wa mọ kótà yìí, wọ́n sì gba ọmọ kọjá rẹ̀, torí owó. Nígbà tá a parí, wọ́n fi orúkọ àwọn kan ránṣẹ́, àwa yòókù jókòó sílé. LL.B, ìwé ẹ̀rí Law ti yunifásítì, nìkan ò lè gbé ọ dúró níwájú adájọ́. Mò ń rí fọ́tò àwọn tá a jọ kàwé, wíìgì lórí, gáùn lọ́rùn; ìyá mi ń béèrè ìgbà tó máa kàn mí, mi ò rí èsì fún wọn. Tá a bá dé ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ fákọ́tì, akọ̀wé á ní ọ̀gá ò sí nílé. Ọ̀gá wà nínú, à ń gbóhùn wọn! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ sí yunifásítì tó o fẹ́ fúnra rẹ. Béèrè kótà wọn, béèrè iye ọmọ tó wà ní 500 level. Tí ọmọ bá pọ̀ ju kótà lọ, sá. Má bi àwọn ọ́fíìsì admission, ọmọ ni wọ́n ń wá. Àwọn tó wà ní final year ni kó o bi, wọn ò ní fi í pamọ́. Part-time Law? Má dá a lábàá rárá.

Ti JAMB fún Law rọrùn: Use of English, Literature, méjì mìíràn, wo brochure JAMB. Má ṣáà jẹ́ kí ọmọ kafé bá ọ yan sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá sì gbé kọ́ọ̀sì tí o ò béèrè sórí CAPS, ojú ìkànnì JAMB tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní admission, má tẹ Accept torí pé ojú ń kán ọ.

Mass Comm ò ní Law School níwájú. Àmọ́ ní kí àwọn yunifásítì náà mú ọ wọ sítúdíò wọn, kí wọ́n tan ẹ̀rọ lójú rẹ.