Kí ẹ tó gba owó ọ̀gá tó fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè pé ọ̀gá olówó kan, tí òun náà ń ta ṣẹ́ẹ̀sì (chess) bí ẹni ń ta ayò, fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ìdíje àwọn ọ̀jẹ̀ fún yín, pé ṣé àdéhùn ẹnu tó: kò tó o.

Mo ti ṣètò irú ẹ̀ rí n'Ìbàdàn. Bàbá tó gbé owó kalẹ̀ fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì ju oúnjẹ lọ. Oúnjẹ wà, gbọ̀ngàn tutù, aago tuntun ni wọ́n rà. Alẹ́ Friday ló pè mí: "Ọmọ mi, ráúǹdì aago méjì ọ̀sán ọ̀la, ẹ fà á sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ní òde." Ta ló máa sọ pé rárá? Mo ní, "Ó dáa, sà," mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Ọmọkùnrin tó ń léwájú ti pa fóònù ẹ̀, ó ti sùn. Láago mẹ́jọ, rẹfirí tẹ aago orí bọ́ọ̀dù ẹ̀. Wákàtí kan lòfin wa fún ẹni tó bá pẹ́. Mo dúró ti bọ́ọ̀dù yẹn títí ó fi pé. Gbogbo ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì ṣì to sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó, ẹni tó yẹ kó bá a ta ń jẹ gúgúrú, nọ́ńbà inú aago ń dínkù. Ó kan òdo. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán lọmọ náà wọlé, ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó wò mí: "Bọ̀dá, ta ló ni ìdíje yìí gan-an?"

Ìgbà tí mo wá ka ti Fischer àti Reshevsky, ọ̀jẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà méjì, lorí mi wú. Lọ́dún 1961, Jacqueline Piatigorsky, ọmọ ìdílé Rothschild, tóun náà ta ṣẹ́ẹ̀sì fún àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, ló náwó sí ìdíje wọn. Wọ́n ti ta ọgbọọgba, 5½ sí 5½, kí wọ́n tó gbé eré kejìlá, ní Los Angeles, sí aago 11 àárọ̀, torí ọkọ ẹ̀, Gregor, àgbà onísẹ́lò, ní eré orin lọ́sàn-án. Fischer, ọmọ ọdún 18, tí kì í tètè jí, ò wá. Wọ́n ní ó ti pàdánù. Kò ta mọ́, Reshevsky gba ẹ̀bùn ẹni tó borí, ẹjọ́ dé kóòtù.

Obìnrin yẹn kì í ṣèèyàn burúkú o. Nínú ìdíje tó ṣe lọ́dún 1966, Fischer padà wá, ó ṣe ipò kejì sí Spassky, ọ̀jẹ̀ ará Soviet. Àwọn tó fẹ́ràn eré yìí gan-an ni ọwọ́ wọn kì í gbé jẹ́ẹ́. Luis Rentero, onísùpámákẹ́ẹ̀tì tó dá ìdíje Linares sílẹ̀ ní Sípéènì, ọ̀mì kíákíá ló máa ń bí i nínú. Òfin lórí ọ̀mì ṣì ṣeé kọ sínú ìwé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàálù. Ti Jim Slater, olówó ará Ìlú Ọba, lọ́dún 1972 ló wù mí jù: ó gbé £50,000 lé ẹ̀bùn, ó di ìlọ́po méjì, Fischer forí lé Reykjavik, ní Iceland, láti bá Spassky du ife-ẹ̀yẹ àgbáyé.

Nítorí náà, ẹ kọ aago ráúǹdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ pé rẹfirí nìkan ló lè yí i. Kí owó ẹ̀bùn wọ báǹkì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ìdajì lèmi gbà. Nígbà tí bàbá gbọ́ pé àwọn ọmọ ń kùn lórí WhatsApp, ó bínú, kò mú ìdajì tó kù wá. Jẹnẹrétọ̀ mi ni mo tà san án.